Ẹlẹ́rìí Méjì, Ìlú Kan: Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Lórí Àwòrán London tí Hollar Fín ní 1647

Ní 1647, ní ìlú Antwerp, ọmọ bíbí Prague kan tó ń jẹ́ Wenceslaus Hollar fín ojú ìlú London sára àwo bàbà mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tẹ àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí bébà, tí wọ́n sì to bébà náà mọ́ra, àwòrán ọ̀hún fẹ̀ ju mítà méjì lọ. Cornelis Danckerts, òǹtẹ̀wé ará Amsterdam, ló gbé e jáde. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí odò Thames tó wọ́ bí ejò láti òsì dé ọ̀tún. Yóò rí afárá kan ṣoṣo tí ìlú náà ní nígbà yẹn, pẹ̀lú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀. Yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's tí kò ní ṣóńṣó mọ́ láti ìgbà tí mànàmáná ti dáná sun ún ní 1561, yóò sì rí òrùlé lórí òrùlé títí ojú fi ń rẹ̀ ẹ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún péré ni ìlú yẹn tún lò láyé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1666, iná sọ ní Pudding Lane, ó jó ilé bíi 13,200 àti ṣọ́ọ̀ṣì 87, ó sì jó St Paul's fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí London ṣe rí kí iná tó jó o, ọ̀dọ̀ Hollar ló ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti dìde: báwo la ṣe lè gba ẹlẹ́rìí yìí gbọ́ tó? Ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀, kálukú ló sì ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń sọ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún Globe kọ́ sétí Thames, ìyẹn ilé eré tí Shakespeare àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣeré, iṣẹ́ ọwọ́ Hollar wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n fi pinnu bí ilé náà yóò ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n ṣí i ní 1997. Ní oṣù Karùn-ún 2012, orí pèpéle yẹn ni ẹgbẹ́ Renegade Theatre láti Èkó ti ṣe Ìtàn Ògìnìntìn, eré The Winter's Tale tí wọ́n sọ di Yorùbá, níbi àjọ̀dún tí èdè mẹ́tàdínlógójì ti pín eré Shakespeare mẹ́tàdínlógójì ṣe. Southwark tí ilé náà wà ni Peckham náà wà, níbi tí Yorùbá ti ń dún lọ́jà lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá ń béèrè bóyá ojú Hollar péye, ilé tí èdè wa ti dún lórí pèpéle rẹ̀ wà lára ohun tí a ń béèrè.

Bí wọ́n ṣe ń fín ìlú sára bàbà

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Aládìrẹ a máa fi ẹ̀kọ bo ibi tí kò fẹ́ kí aró mu. Afínbàbà ní tirẹ̀ a fi ìda bo gbogbo ojú àwo, a wá fi abẹ́rẹ́ ha ìda náà kúrò níbi tó bá fẹ́ kí ìlà wà. Bí wọ́n bá ri àwo náà sínú ásíìdì, ásíìdì kò ní í jẹ ibi tí ìda bò, ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá ni yóò jẹ wọnú. Wọ́n á fọ ìda kúrò, wọ́n á fi tádà kún ojú ìlà, wọ́n á nu èyí tó kù lójú bàbà, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ bébà tútù mọ́ ọn. Ohun tó wà lápá òsì lórí bàbà yóò bọ́ sápá ọ̀tún lórí bébà. Ní nǹkan bí 1640, Rembrandt fín ìlú Amsterdam bó ṣe rí i gan-an, òdì sì ni ìlú náà jáde. Hollar ti ro èyí mọ́ iṣẹ́: òdì ló fín London tirẹ̀ sára bàbà, ìyẹn ló jẹ́ kí Westminster wà ní òsì àti afárá ní ọ̀tún lórí bébà, bí ẹni tó dúró ní gúúsù odò yóò ṣe rí wọn.

Ṣùgbọ́n Hollar kò sí níwájú London nígbà tó ń fín in. Ó ti bá Earl of Arundel dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n pàdé ní Cologne ní 1636. Láàárín ọdún tó fi gbé London, ó gun ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì St Saviour ní Southwark, èyí tó di Southwark Cathedral lónìí, ó fi pẹ́ńsù ya ohun tó rí, tádà sì gba orí pẹ́ńsù náà kọjá. Méjì nínú àwọn bébà yẹn ṣì wà ní Yale Center for British Art, ní New Haven ní Amẹ́ríkà. Ní 1644, nígbà tí ogun abẹ́lé gbóná, ó ṣí lọ sí Antwerp. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwo bàbà tó parí.

Ẹlẹ́rìí méjì la ní nígbà náà: bébà tí ó yà lójú ìlú, àti bàbà tí ó fín lẹ́yìn ìlú. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tó wà nísàlẹ̀ yìí ló wáyé nítorí pé àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan sẹ́nu èkejì.

Àwọn tó ní ojú òṣùwọ̀n ni

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Hollar, ó yẹ ká mọ ẹni tí wọ́n ń gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Claes Visscher gbé àwòrán London kan jáde ní 1616, onígun sì ni Globe inú rẹ̀. Àwòrán yẹn ló tọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ́nà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí John Cranford Adams kọ ìwé rẹ̀ lórí Globe ní 1942, onígun mẹ́jọ ni ilé tó kọ́ fún òǹkàwé. Ní 1948, I. A. Shapiro yẹ gbogbo àwòrán bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé inú àwòrán ilẹ̀ tó ti wà ṣáájú ni Visscher ti mú ohun tó yà. Hollar nìkan ló fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ilé róbótó ni Globe tirẹ̀.

John Orrell gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i nínú ìwé rẹ̀ The Quest for Shakespeare's Globe, tó jáde ní 1983. Bébà pẹ́ńsù ló gbé ka iwájú, ó fi àwo bàbà sílẹ̀. Ó mú ilé gogoro St Saviour bí ibi tí ojú wà, ó wá wọn ìlà láti ibẹ̀ lọ sí àwọn ilé tí a mọ ibi tí wọ́n wà lórí àwòrán ilẹ̀ òde òní, ó sì fi ìlà wọ̀nyí wé bí àwọn ilé náà ṣe jìnnà síra lórí bébà. Wọ́n bára mu lọ́nà tí Orrell fi gbà pé ọwọ́ lásán kò lè ṣe é. Ohun tó sọ ni pé Hollar lo férémù ayàwòrán, irú èyí tí a ń gbé síwájú, tí a ń fi ojú kan wò láti ihò kan tí kì í yẹ̀, tí a sì ń tẹ ohun tí a rí sórí bébà ní ipò rẹ̀. Bí ipò àwọn ilé bá péye tó bẹ́ẹ̀, ó ní, a lè wọn ìbú wọn pẹ̀lú. Ó wọn Globe, ó sì rí i pé ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ díẹ̀.

Mo ka èyí sí ìdáhùn tó lágbára jù lọ nínú gbogbo wọn, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ní àwòrán ilẹ̀ àti rúlà lè tún un wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí iná jó ni wọ́n tún kọ́ sójú ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ipò wọn kò sọnù. Ẹ̀rí kan tún wà láti ẹnu John Aubrey, tó gbé ayé nígbà Hollar: ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú Hollar kì í ríran jìnnà, àti pé ó máa ń lo dígí bó bá ń ya ojú ilẹ̀.

Àìlera rẹ̀ kò kéré. Dígí tí Aubrey sọ lè jẹ́ férémù ayàwòrán, ó sì lè jẹ́ awò ojú lásán fún ẹni tí kì í ríran jìnnà; ọ̀rọ̀ náà gba ìtumọ̀ méjèèjì. Èyí tó tún wúwo jù ni pé ipò àti ìbú kì í ṣe ohun kan náà. Ènìyàn lè fi igi kan sí ibi tó yẹ kó wà gan-an, kó sì ya á nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé kékeré ni Globe jẹ́ lórí bébà yẹn, tó fi jẹ́ pé bí orí pẹ́ńsù bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan ló ti wọ inú ilé tàbí tó ti jáde. Ìlà tádà kò sì bá ìlà pẹ́ńsù tó wà lábẹ́ rẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo, ẹni tó ń wọ̀n ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ní 1996, Tim Fitzpatrick padà sórí bébà kan náà, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Globe tó kéré ju ti Orrell lọ. Bí onímọ̀ méjì bá wọn ohun kan náà, tí iye wọn kò dọ́gba, bébà yẹn gbọ́dọ̀ ní ààyè nínú.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Globe èkejì ni Hollar yà. Èkíní, tí wọ́n kọ́ ní 1599, jóná ní 1613. Wọ́n tún un kọ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ilé tó wà ní Southwark lónìí sì ń fẹ́ jẹ́ Globe èkíní. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni pé orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn sí.

Àwọn tó ní iṣẹ́ ọjà ni

Àwọn wọ̀nyí ní kí a má gbàgbé ẹni tó sanwó. Amsterdam ni Danckerts ti ń ṣòwò, ojú ìlú ńláńlá sì jẹ́ ọjà tó ń tà. Oníbàárà fẹ́ rí ilé olókìkí, ó fẹ́ ka orúkọ wọn, ó fẹ́ ohun tó kún ògiri. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ yóò fa ohun kan síwájú, yóò ti òmíràn sẹ́yìn, yóò fi òrùlé dí àlàfo.

Ẹ̀rí wọn tó hàn jù ni àṣìṣe orúkọ tó wà lórí bàbà náà. Ilé róbótó méjì ló wà nítòsí ara wọn ní Bankside, etí odò ní Southwark. Hollar kọ Globe sórí èyí tó sún mọ́ odò, ó sì kọ ilé ìjà béárì sórí èyí tó jìnnà díẹ̀ sí i. Ìwé ilẹ̀ ìgbà náà sọ òdìkejì rẹ̀: Globe ló wà ní gúúsù òpópónà Maid Lane, Hope tí wọ́n ti ń fi ajá jà pẹ̀lú béárì ló sún mọ́ omi. Ilé tó jìnnà sí odò ló ní òrùlé ńlá onígun lórí pèpéle rẹ̀. Èkejì kò ní in. Èyí bá àdéhùn ìkọ́lé Hope mu, tí wọ́n ṣe ní 1613, tó ní kí pèpéle ibẹ̀ jẹ́ èyí tí a lè gbé kúrò nígbà tí ẹranko bá fẹ́ jà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí onímọ̀ kan mọ́ tó ń jiyàn pé orúkọ méjèèjì kò ṣípò padà. Ẹni tó lè pa orúkọ ilé méjì pọ̀, àwọn wọ̀nyí ní, kí ló kù tí kò lè ṣì?

Wọ́n tún fi ìmọ̀ ìwọ̀n ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Láti Westminster dé apá ìlà-oòrùn afárá, ẹni tó dúró lórí St Saviour ní láti yí ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì òbírí. Kò sí bébà pẹlẹbẹ kan tó lè gba ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà bí ojú ṣe rí i. Hollar ní láti rán ìwò kan mọ́ òmíràn, ojú ibi tí ìránṣọ náà wà sì ni odò ti tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ wọn lórí àwo bàbà dá mi lójú, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ó kan bébà pẹ́ńsù. Àṣìṣe orúkọ jẹ́ àṣìṣe ẹnu, kì í ṣe ti ojú. Àwọn ilé méjèèjì dúró sí ibi tó yẹ, ìrísí wọn bá ohun tí ìwé àdéhùn sọ mu. Orúkọ nìkan ló ṣìnà. Ọkùnrin tó ti kúrò nílùú fún ọdún mẹ́ta lè gbàgbé èwo ló ń jẹ́ èwo kó sì tún ní àwòrán tòótọ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ọjà nìkan ló ń darí rẹ̀, kò sí ohun tó yẹ kó mú ipò àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tọ̀nà tó bí Orrell ṣe rí i, níwọ̀n bí oníbàárà ní Amsterdam kò ti ní ọ̀nà tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó kà á bí ìrántí

Ẹgbẹ́ kẹta kò bìkítà nípa ìwọ̀n. Wọ́n ní kí a wo ọdún náà. Ní 1647, ọba ti pàdánù ogun, Arundel tó jẹ́ olùtọ́jú Hollar ti kú sí Padua lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì ti mọ odi ogun yí London ká. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ lójú àwòrán náà. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ jẹ́jẹ́, èéfín ń jáde lójú ilé. Globe dúró, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ti gbogbo ilé eré pa láti 1642. Ìwé àfọwọ́kọ kan tilẹ̀ sọ pé 1644 ni wọ́n wó Globe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fura sí ìwé yẹn. Fún ẹgbẹ́ yìí, àtìpó kan ló jókòó sí Antwerp tó ń fín ìlú tó ti fi sílẹ̀, bó ṣe wù ú kó ṣì wà.

Ìtumọ̀ náà wọ ènìyàn lára, ó sì ṣàlàyé àlàfo tó wà láàárín ọdún tí ó yà á àti ọdún tí ó fín in. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ tín-ín-rín. Bébà tí Hollar yà ní London náà kò ní ogun nínú, ọjà àwòrán kì í sì í fẹ́ ìlú tó ń dàrú. Lẹ́yìn iná 1666, Hollar fi London ṣáájú iná àti London lẹ́yìn iná sí ojú kan náà, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀, ó sì pe àjálù náà ní orúkọ rẹ̀ nínú àkọlé. Nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìbànújẹ́, gbangba ló ti sọ ọ́. Mo rò pé iná yẹn ló ń mú wa ka ọ̀fọ̀ sínú àwòrán 1647, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fín in kò mọ̀ pé iná ń bọ̀.

Àwọn tó ní ká bi ilẹ̀ léèrè

Ní 1989, àwọn awalẹ̀pìtàn kan ìpìlẹ̀ ilé eré Rose ní Southwark, kò sì jìnnà rárá sí ibi tí Globe wà. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 72, ó ní igun mẹ́rìnlá. Lọ́dún kan náà, wọ́n kan apá kékeré lára ìpìlẹ̀ Globe fúnra rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, bíríkì lè bá bébà jiyàn.

Ohun tí bíríkì sọ kò ṣe kedere tó bí àwọn ènìyàn ṣe retí. Àwọn kan wo igun tó wà níbẹ̀, wọ́n ní ó lè jẹ́ ti ilé ẹsẹ̀ bàtà 100 tí Orrell sọ, èyí sì ni Globe òde òní gbà: ẹsẹ̀ bàtà 100, igun ogún. Ní 2009, Julian Bowsher àti Pat Miller tẹ ìròyìn kíkún lórí ìwalẹ̀ náà jáde, wọ́n sì dábàá ilé onígun mẹ́rìndínlógún tó fẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 85. Ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ilé eré: òun ló ń pinnu iye ènìyàn tó lè dúró sí àgbàlá, àti bí ohùn òṣèré ṣe máa jìnnà tó kó tó dé ògiri.

Agbára ẹgbẹ́ yìí ni pé ìpìlẹ̀ kò ní oníbàárà, kò sì gbàgbé orúkọ. Àìlera wọn ni pé wọ́n ń fa ìlà láti orí èérún kan dé òpin ilé tí wọn kò rí. Ẹni tó fi igun kan pinnu gbogbo òbírí náà ń yàwòrán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ló fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ibi tí mo dúró sí kò fara sin mọ́. Mo gba bébà Hollar gbọ́ lórí ibi tí ilé wà, mi ò gbà á gbọ́ lórí bí ilé ṣe fẹ̀ tó títí ẹlẹ́rìí mìíràn yóò fi tì í lẹ́yìn. Àwo bàbà 1647 ní tirẹ̀ wúlò fún ohun tí kò sí ìwé ilẹ̀ kankan tó lè fún wa: bí òrùlé ṣe ń fara ti òrùlé, bí ilé orí afárá ṣe ga tó lójú ẹni tó wà lókè, bí ìlú tí a kò lè rí mọ́ ṣe rí.

A kò tíì mọ ọdún náà gan-an tí Hollar gun ilé gogoro yẹn, bẹ́ẹ̀ ọdún yẹn ló lè sọ fún wa bí ìrántí rẹ̀ ti dàgbà tó kó tó fín bàbà. A kò mọ irú dígí tó lò. Àwọn tó ń wọn Globe kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ìlà tó yẹ ká fi rúlà lé, ti pẹ́ńsù ni tàbí ti tádà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì parí ìjà ẹsẹ̀ bàtà 100 àti 85. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lè má rí ìdáhùn láé. Èyí tó kẹ́yìn lè rí i, nítorí pé ohun tó lè dá ẹjọ́ náà ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí: púpọ̀ nínú ìyókù ìpìlẹ̀ Globe wà lábẹ́ Anchor Terrace ní Southwark Bridge Road, ọ̀wọ́ ilé tí wọ́n kọ́ ní 1834, tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń dáàbò bò, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o láti wa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀.